Ìdajì Ife Ọ́ìlì

Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta ni mí, mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, nígbà tí mo da ìdajì ife ọ́ìlì sínú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ tí kì í ṣe tèmi, níwájú ẹni tó mọ̀ pé ó pọ̀ jù. Bí ènìyàn bá kàn gbọ́ ọ lásán, ọ̀rọ̀ kékeré ni. Ṣùgbọ́n títí di òní, bí mo bá rí àwọn ife ike kéékèèké tí ẹ̀rọ kọfí máa ń tì jáde ní ibùdókọ̀ ojú irin, ara mi kì í balẹ̀. Mo máa ń gbójú kúrò níbẹ̀ bí ẹni tó jẹ gbèsè tó sì rí olówó lọ́ọ̀ọ́kán.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó yẹ, nítorí mo máa ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi pé ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ ìtàn láàárín, ó ní ohun tó ń fi pamọ́. Fíṣíìsì ni mo fi ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan nítòsí Ọ̀yọ́. Nígbà tí mo débẹ̀, èmi nìkan ni obìnrin tó ń kọ́ni ní iṣẹ́ náà ní gbogbo agbègbè wa. Àwọn olùkọ́ ọkùnrin máa ń bi mí pé ṣé mi ò ṣìnà ni, pé yàrá tí wọ́n ti ń kọ́ni ní oúnjẹ sísè wà lódìkejì. Èmi náà rẹ́rìn-ín nígbà náà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọ̀hún wọ̀ mí lára, ó sì sọ mí di ẹni tí kì í gbà kí ẹnikẹ́ni já òun ní koro. Àwọn ọmọ mọ̀ mí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni akẹ́kọ̀ọ́ lè bi mí ní ìbéèrè. Bó bá tún un béèrè, àfojúdi ni, orí ìkúnlẹ̀ ni yóò ti gbọ́ ìyókù ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà. Mo gbà pé òfin rere ni, nítorí kíláàsì mi máa ń dákẹ́ rọ́rọ́, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ sì máa ń fi í ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn yòókù.

Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, ọmọbìnrin mi tó ń gbé ní Padova, ní Ítálì, ránṣẹ́ pè mí pé kí n wá bá òun mójú tó àwọn ọmọ. Arcella là ń gbé, lẹ́yìn ibùdókọ̀ ojú irin, níbi tí tíráàmù ń gbà kọjá. Kò pẹ́ tí àwọn ará ilé wa tó wà níbẹ̀ fi mọ̀ mí, wọ́n sì sọ mí ní Màmá Tíṣà. Mo ń bá wọn parí ìjà tọkọtaya, mo ń gba àwọn ọmọ wọn níyànjú, bí ẹnikẹ́ni bá sì fẹ́ gba ilé tàbí kó gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì, yóò wá mú mi dání láti ilé wa dé ibẹ̀. Àṣà wa ni. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ní ìlú àjèjì, àṣà náà tún lágbára sí i, nítorí òbí kò sí nítòsí, ẹni tó bá sì dá nìkan dúró níwájú oníṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n sábà máa ń rẹ́ jẹ. Iṣẹ́ mi ni pé kí n dúró síbẹ̀, kí n káwọ́ lérí àyà, kí n sì máa wo ohun gbogbo bí ẹni tó mọ̀ ọ́n. Kí n má purọ́, mo mọ iṣẹ́ náà ṣe dáadáa.

Obìnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí jẹ́ badante, ìyẹn àwọn tó ń tọ́jú arúgbó nínú ilé wọn. Signora kan, ìyá arúgbó tó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún, ló ń tọ́jú, ní abúlé kan lẹ́sẹ̀ òkè lẹ́yìn Padova. Bọ́ọ̀sì kì í dé ibẹ̀ ní ìdájí, obìnrin náà sì gbọ́dọ̀ débẹ̀ kí ọmọ signora tó jáde lọ síbi iṣẹ́. Ọkọ̀ kékeré kan tó ti ju ọdún mẹ́wàá lọ ló fi ń lọ, ọkọ̀ tó ń lo epo bẹntiróòlù àti GPL, ìyẹn gáàsì tí wọ́n ń rà ní ilé epo, nítorí gáàsì kò wọ́n tó epo. Ọkọ̀ náà wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ségesège. Bí òtútù bá mú ní òwúrọ̀, yóò kọ̀ láti jí. Bó bá dúró níbi iná ọ̀nà, yóò máa gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe. Obìnrin náà sọ fún mi pé bí òun bá ń gun òkè, àwọn bàbá tó ń gun kẹ̀kẹ́ ń kọjá lára òun, wọ́n sì ń juwọ́ sí òun. Ó ń fi í rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n omi wà lójú rẹ̀.

Ó ti pẹ́ dé ibi iṣẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta nínú oṣù kan. Ọmọ signora ti fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ fún un pé bó bá tún pẹ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, òun yóò wá ẹlòmíràn. Ẹ̀yin tó ti gbé níbẹ̀ rí mọ̀ pé ohùn pẹ̀lẹ́ yẹn ló yẹ kéèyàn bẹ̀rù. Contratto, ìwé àdéhùn iṣẹ́ náà, ni ìwé ìgbélùú rẹ̀, permesso, rọ̀ mọ́. Ó kù díẹ̀ kó lọ tún permesso náà gbà. Bí contratto bá bọ́, òun àti ọmọbìnrin rẹ̀ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lè máà ní ìdúró mọ́. Nítorí náà, nígbà tó wá bá mi lọ́jọ́ Jímọ̀, tó sì nà mí ní ìwé tí ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ńlá kan kọ fún un, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti ọkọ̀ nìkan. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé sìlíńdà kẹta ti pàdánù kọ́ńpúrẹ́ṣọ̀n, pé wọ́n ní láti sọ ẹ́ńjìnnì náà kalẹ̀. Iye tí wọ́n kọ sísàlẹ̀ ju iye ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀ lọ.

Mo ní kó fọkàn balẹ̀, pé n ó mú un lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì kan tó jẹ́ ọmọ wa. Mo fi kún un pé, “Akẹ́kọ̀ọ́ mi ni.” Mo gbádùn bí gbólóhùn náà ṣe dún lẹ́nu mi.

Òótọ́ ni. Akẹ́kọ̀ọ́ mi ni mẹkáníìkì náà ní nǹkan bí ogún ọdún ṣáájú. Ohun kan ṣoṣo tí mo rántí nípa rẹ̀ ni ìbéèrè. Bí a bá ní kí ó wọ̀tún, yóò fẹ́ mọ ohun tó wà lósì. Lọ́jọ́ kan, ó nawọ́ sókè, ó ní ìdáhùn tí mo kọ sójú pátákó kò tọ̀nà. Mo wo pátákó, mo rí i pé lóòótọ́ ni, mo nu ún, mo tún un kọ, mo sì ní kó kúnlẹ̀. Nígbà tí sáà náà parí, mo fi bíírò pupa kọ ọ́ sínú ìwé èsì ìdánwò rẹ̀ pé, “Ó ń béèrè ìbéèrè jù.” Ọ̀nà jíjìn ló gbà dé Ítálì, kì í sì í sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Nígbà tí mo bá a pàdé ní Padova, ó ń bá bàbá Ítálì kan ṣiṣẹ́ ní officina rẹ̀, ibi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ṣe, níbi tí àwọn ilé iṣẹ́ wà, bàbá náà sì máa ń jẹ́ kó fi ọjọ́ Sátidé tún ọkọ̀ àwọn èèyàn rẹ̀ ṣe níbẹ̀. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ rí mi, nínú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ ilẹ̀ wa ni, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja láàárín àwọn páálí ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà. Ará Ítálì kan tó wá ra ata rò pé ó dákú ni, ó sì ti ń wá fóònù rẹ̀ láti pe ọkọ̀ aláìsàn. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Inú mi dùn. Mo ní ẹ̀kọ́ mi kò ṣòfò.

Ní òwúrọ̀ Sátidé, a dé officina náà, èmi, obìnrin náà àti ọmọ rẹ̀. Ọmọ náà jókòó sórí àga ẹ̀yìn ọkọ̀, ó ń wo fóònù. Mẹkáníìkì kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, lẹ́yìn náà ni kò tún wo ojú ẹnikẹ́ni mọ́, ẹ́ńjìnnì ló gbájú mọ́. Ó kọ́kọ́ tẹ́tí sí i. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ dí ẹnu páìpù èéfín, ó ń gbọ́ bó ṣe ń fẹ́ sí i lọ́wọ́. Ó bi obìnrin náà pé ṣé gáàsì ló ń lò jù, ó ní bẹ́ẹ̀ ni, gáàsì ni lójoojúmọ́. Ó mi orí. Ó yọ púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó wá ń so gééjì tó ń sọ bí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ṣe há tó mọ́ ojú ihò kọ̀ọ̀kan, obìnrin náà sì ń yí kọ́kọ́rọ́. Ihò kìíní, méjìlá. Èkejì, méjìlá. Ẹ̀kẹta, mẹ́fà. Ẹ̀kẹrin, méjìlá.

Nítorí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, mo fẹ́ ṣàlàyé díẹ̀. Nínú ẹ́ńjìnnì, písítìn kan ń gun òkè nínú sìlíńdà láti há afẹ́fẹ́ àti epo mọ́ ibi tóóró kó tó gbiná. Híhá yẹn ni kọ́ńpúrẹ́ṣọ̀n, òun ló ń fún ọkọ̀ lágbára. Fáàfù ni ilẹ̀kùn tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé tó sì ń gbà jáde. Ríǹgì ni òrùka irin tó yí písítìn ká kí afẹ́fẹ́ má baà jò gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí ilẹ̀kùn kò bá pa dé tàbí tí òrùka bá jẹ, afẹ́fẹ́ á jò, agbára á sì lọ. Ìyàtọ̀ wà nínú méjèèjì o. Bó bá jẹ́ òrùka, àfi kí wọ́n tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀. Bó bá jẹ́ ilẹ̀kùn, ó lè jẹ́ ohun kékeré.

Mẹkáníìkì ní ọ̀nà kan wà tí kò ná ènìyàn ní nǹkan kan láti fi mọ ibi tó ti ń jò. A ó kán ọ́ìlì díẹ̀ sínú ihò kẹta, a ó tún un wọ̀n. Bí nọ́ńbà bá gòkè, òrùka ló ń jò, nítorí ọ́ìlì á bá a dí ẹ̀gbẹ́. Bí kò bá gòkè, ilẹ̀kùn ni. Mo mọ ìdánwò náà nínú ìwé. Kó tó parí ọ̀rọ̀ ni mo ti gba agolo ọ́ìlì lọ́wọ́ rẹ̀. Mo fẹ́ kí obìnrin náà rí i pé ẹni tó mú wá kì í ṣe ẹni tó kàn ń káwọ́ lérí àyà lásán. Ife kọfí ike tí mo ti mu wà lórí tábìlì irinṣẹ́, mo da ọ́ìlì sínú rẹ̀ dé ìdajì, mo sì fi ike tóóró kan tó fi ń rọ nǹkan dà á sínú ihò náà tán.

Ó wo ife náà. Ó wò mí. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ bí ìgbà tó wà ní kíláàsì kẹrin. “Màmá, ọ́ìlì yẹn pọ̀ díẹ̀, mà. Ó lè tàn wá jẹ. Bóyá ká—”

Mi ò jẹ́ kó parí rẹ̀. Obìnrin náà ń wò wá. Mo bi í pé, “Ta ló kọ́ ta?”

Ó wo ilẹ̀. “Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi, mà.”

Ó gbé gééjì, ó sì so ó mọ́ ihò kẹta.

Òun ló sì tọ̀nà. Ṣíbí kékeré kan péré ló yẹ. Bí ọ́ìlì bá pọ̀, òun fúnra rẹ̀ á gba àyè nínú ibi tóóró náà, afẹ́fẹ́ á há ju bó ṣe yẹ lọ, nọ́ńbà á sì gòkè yálà òrùka jẹ tàbí kò jẹ. Bí àyè bá kéré, ìfúnpá á pọ̀. Iṣẹ́ kíláàsì kẹrin ni. Èmi ni mo kọ́ wọn. Mo ti fi í ṣe ìbéèrè ìdánwò mi ò mọye ìgbà, mo sì ti gba máàkì lọ́wọ́ àwọn ọmọ tó gbàgbé rẹ̀.

Gééjì gòkè láti mẹ́fà dé mẹ́wàá. Mo ní, “Ẹ wò ó, ríǹgì ni.” Nígbà tó dá púlọ́ọ̀gì padà tí wọ́n sì jí ọkọ̀ náà, èéfín aláwọ̀ búlúù bo gbogbo iwájú officina, mo sì tún nàka sí i pé ṣé wọ́n rí ẹ̀rí. Ọ́ìlì tí mo dà síbẹ̀ ló ń jóná. Èéfín tèmi ni mo ń fi ṣe ẹ̀rí.

Mo wá sọ fún obìnrin náà pé kò sí àtúnṣe tó lérè. Mo ní kó pe demolitore, àwọn tó máa ń gbé ọkọ̀ tó ti kú lọ fọ́, kí wọ́n wá gbé e ní Mọ́ńdè. Ohùn tí mo fi sọ ọ́ ni ohùn tí mo máa ń fi sọ fún òbí pé ọmọ wọn kò yege. Kò pariwo. Ó jókòó sórí táyà kan tó wà nílẹ̀, ó sì fi ìkángun ìbòrí rẹ̀ nu ojú. “Màmá Tíṣà, ṣé kò sí ọ̀nà mìíràn?” Mo ní kò sí. Mẹkáníìkì wá bẹ̀ ẹ́ pé kó fi ọkọ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ òun di ọ̀la, kí òun lè yọ bátìrì àti àwọn táyà tó ṣì dára, kí òun bá a tà wọ́n. Mo yìn ín pé ó láàánú.

Ká ní ibẹ̀ ló parí sí, àṣìṣe lásán ni. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń padà sílé, mo yà ní ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ wa. Oníṣọ́ọ̀bù náà ń ta gàrí, ó ń ta ẹja gbígbẹ, ó ń bá èèyàn fi owó ránṣẹ́ sílé, gbogbo ìròyìn Arcella sì ń gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá. Ó béèrè bí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ náà ṣe jẹ́. Mo ní ọpẹ́lọpẹ́ pé mo wà níbẹ̀. Mo ní ọwọ́ ọmọ náà dára, àmọ́ orí rẹ̀ kò pé tó iṣẹ́ náà, pé èmi tí mo kọ́ ọ ni mo mọ̀ ọ́n. Àwọn méjì wà lórí ìlà tí wọ́n fẹ́ fi owó ránṣẹ́. Wọ́n gbọ́. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Mo mọ òwe náà dáadáa, mo sì fi ẹyin náà lélẹ̀ lórí káńtà, mo ra iyọ̀, mo bá tèmi lọ.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, a gbọ́ fèrè ọkọ̀ nísàlẹ̀ ilé. Mo yọjú lójú fèrèsé, mo rí ọkọ̀ náà. Kò gbọ̀n, kò mí gúlegúle, ó dúró jẹ́ẹ́ bí ẹran tó yó. Obìnrin náà gun òkè wá pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ tó gbé kúlà mọ́ínmọ́ín inú agolo dání. Ó kúnlẹ̀ níwájú mi lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní mẹkáníìkì sọ fún òun pé Màmá Tíṣà ti ro ọ̀rọ̀ náà sọ́tùn-ún sósì, wọ́n sì ti ránṣẹ́ pé kí òun wo fáàfù kí wọ́n tó gbé ọkọ̀ náà lọ fọ́. Ló bá ṣí ìdérí orí ẹ́ńjìnnì. Gáàsì máa ń gbẹ, ó ti ń jẹ ojú ibi tí ilẹ̀kùn sìlíńdà kẹta ń jókòó sí díẹ̀díẹ̀, ilẹ̀kùn náà sì ti rì títí àlàfo tín-ín-rín tó yẹ kó wà lókè rẹ̀ fi tán. Nítorí náà ni kò ṣe lè pa dé mọ́. Kò tíì jóná, kò tíì bàjẹ́. Àlàfo náà ló tún sẹ́ẹ̀tì, ti gbogbo ilẹ̀kùn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó pààrọ̀ rọ́bà ìdérí, ó tún un wọ̀n, ó sì di méjìlá. Owó tó gbà kò tó owó oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan. Ó ní bí òun bá tún wà á bẹ́ẹ̀ fún oṣù kan péré, ilẹ̀kùn náà ìbá ti jó, iye inú ìwé ilé iṣẹ́ ńlá yẹn ìbá sì di òótọ́.

Mi ò ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni.

Mo dúró síbẹ̀, mo mọ ohun tí mẹkáníìkì náà ṣe. Ó ti fi aṣọ rẹ̀ bo ìhòòhò mi. Ọmọbìnrin kékeré náà gbé kúlà náà fún mi, ó wò mí tààrà, ó sì yíjú sí ìyá rẹ̀, ó sọ ọ́ ní èdè Ítálì tó fi ń dá ìyá rẹ̀ lóhùn nígbà gbogbo: “Ma lei ha detto di buttarla.” Mo gbọ́ Ítálì tó ìyẹn. Ó ní èmi ni mo ní kí wọ́n sọ ọ́ nù. Ìyá rẹ̀ gbá a léjìká. “Dákẹ́. A kì í já àgbà ní koro.” Òtítọ́ wà lẹ́nu mi nígbà náà, bí mo bá la ẹnu ni yóò jáde. Mo rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo ní, “Ẹ fi í sílẹ̀, ọmọdé ni, kò yé e ni.” Mo gba ọpẹ́ náà. Mo jẹ mọ́ínmọ́ín náà pẹ̀lú. Ó dùn, n kò sì lè sọ pé kò dùn.

Mi ò pe mẹkáníìkì. Mo sọ fún ara mi pé bí ọmọ tó gba ẹ̀kọ́ ilé ṣe ń ṣe sí àgbà nìyẹn. Ní ìpàdé oṣooṣù àwa ará ilé tó wà ní Padova, obìnrin náà dìde, ó jẹ́rìí mi, àwọn èèyàn sì pàtẹ́wọ́. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń bi mí nípa ọkọ̀ wọn, èmi náà ń dáhùn. Mo máa ń sọ ìtàn náà fúnra mi, mo sì ń fi iyọ̀ sí i lọ́dọọdún bí ọbẹ̀ tí wọ́n ń gbóná. Nígbà kan, mẹkáníìkì wọlé bí mo ṣe dé ibi tí mo ti “ránṣẹ́.” Ẹnìkan ń ṣẹ̀fẹ̀, ó bi í pé ṣé bẹ́ẹ̀ ló rí lóòótọ́, tàbí Màmá ń pa wá láyò. Ó wo ilẹ̀, bó ti máa ń ṣe. “Bẹ́ẹ̀ ni. Màmá ló ní ká tún un wò.” Mo mu omi, mo sì ń bá ìtàn lọ.

Nígbà tó yá, mo ṣàkíyèsí pé mi ò rí i mọ́. Mo béèrè lọ́wọ́ oníṣọ́ọ̀bù. Ó ń to agolo tòmátò, kò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn. Ó ní ó ti kó lọ sí Alessandria, lẹ́yìn Milano, pé iṣẹ́ Sátidé rẹ̀ ti kú, owó oṣù nìkan kò sì tó bọ́ ilé. Mo ní kí ló fà á. Ó rẹ́rìn-ín. “Ta ni yóò gbé mọ́tò fún un? Ẹ̀yin náà lẹ dúró síbi tí ẹ dúró sí yìí, tí ẹ ní orí rẹ̀ kò pé. Ọ̀rọ̀ Màmá Tíṣà kì í balẹ̀ ní Arcella.” Kò sọ ọ́ láti fi bú mi. Ó rò pé òun ń yìn mí ni.

Mo di káńtà náà mú. Mo ti ń rò pé irọ́ tí mo gbà lẹ́nu ọ̀nà ilé wa kò pa ẹnikẹ́ni lára, pé èmi àti Ọlọ́run mi ló wà láàárín rẹ̀. Mo gbàgbé pé mo ti sọ̀rọ̀ ọmọ náà lẹ́yìn ní ọjọ́ tó ṣáájú, mi ò sì padà wá kó o nílẹ̀ nígbà tí mo mọ òtítọ́.

Lọ́sẹ̀ náà gan-an ni mo wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Alessandria. Mo pààrọ̀ ọkọ̀ ní Milano. Ní gbogbo ojú ọ̀nà ni mò ń to ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ bí ìgbà tí mo bá ń kọ nóòtì ẹ̀kọ́, kókó kìíní, kókó kejì, ìkádìí. Níbi tí wọ́n ti ń tún àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ṣe ni mo ti bá a. Ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀, mo di apá rẹ̀ mú, gírísì ara aṣọ rẹ̀ sì rá mọ́ mi lọ́wọ́ ẹ̀wù. Gbogbo nóòtì mi fò lọ. Mo kàn sọ fún un pé mo ṣì í, mo mọ̀ pé mo ṣì í, mo sì gba ọpẹ́ rẹ̀ jẹ, mo tún ba orúkọ rẹ̀ jẹ́. Mo bẹ̀ ẹ́.

Ó ní kí n má bẹ òun mọ́, pé ó ti kọjá. Mo wá bi í ní ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn jù. Mo ní kí ló dé tí kò fi tún un sọ fún mi lọ́jọ́ náà, nígbà tó mọ̀ pé iṣẹ́ obìnrin yẹn àti ìwé rẹ̀ wà nínú ewu.

Kò bínú. Ó rẹ́rìn-ín bí ẹni tó ń ka ohun tó ti há sórí láti kékeré. “Màmá, mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀yin lẹ kọ́ wa pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo là ń bá àgbà sọ ọ́.”

Ó lọ síbi ẹ̀rọ kọfí, ó ra méjì wá. A mu ún ní ìdúró. Nígbà tí tèmi tán, ó gba ife náà lọ́wọ́ mi, ó kán ṣíbí ọ́ìlì kan sí i, ó sì tẹ̀ ẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan kí n lè rí i. Kò bo ìsàlẹ̀ ife náà tán. “Bó ṣe mọ nìyí, mà.” Mo bi í pé báwo ni yóò ṣe tó, nígbà tí sìlíńdà náà fẹ̀. Ó ṣàlàyé. Ibì kan kò yé mi dáadáa nínú rẹ̀, mo sì tijú díẹ̀, ṣùgbọ́n mo tún un béèrè. Ó tún un ṣàlàyé láti ìbẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú sùúrù, bí ẹni pé èmi ni mo kọ́kọ́ ń béèrè rẹ̀.

Nígbà tí mo padà dé, mo dìde ní ìpàdé wa, mo sọ bó ṣe rí gan-an, obìnrin náà àti ọmọ rẹ̀ sì wà níjókòó. Ilé dákẹ́ rọ́rọ́, bí kíláàsì mi àtijọ́. Oníṣọ́ọ̀bù bá mi wí lẹ́yìn náà pé àgbà kì í tú aṣọ ara rẹ̀ lójú ọjà. Obìnrin náà dorí kodò. Ọmọbìnrin rẹ̀ ló sọ̀rọ̀, ó ní, “L'avevo detto,” pé òun kúkú ti sọ bẹ́ẹ̀. Ìyá rẹ̀ nawọ́ láti gbá a, mo sì ní kó fi í sílẹ̀, pé òótọ́ ló sọ, pé ẹ̀ẹ̀kejì tó ń sọ ọ́ nìyí. Àwọn kan padà pe mẹkáníìkì náà lórí fóònù láti tọrọ àforíjì. Ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ̀ ti ríṣẹ́ ní Alessandria, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ti wọ ilé-ìwé níbẹ̀. Kò padà sí Padova mọ́. Ìṣẹ́jú kan péré ni mo lò níwájú káńtà yẹn, gbogbo ìrìn àjò mi kò sì dá a padà.

Mo ti lé ní ọdún méjìdínláàádọ́rin báyìí. Wọ́n ṣì ń pè mí ní Màmá Tíṣà, mo sì ń jẹ́ ẹ. Mo máa ń rántí àwọn ọmọ yòókù tó kúnlẹ̀ ní kíláàsì mi, mo sì ń ronú nípa ibi tí wọ́n wà, àti iye ìgbà tí wọ́n ti rí ohun tó ń bàjẹ́ lójú wọn, tí wọ́n sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, tí wọ́n sì wo ilẹ̀ nítorí ohun tí mo kọ́ wọn.

Ẹ̀yin tó ń ka èyí, mo bẹ̀ yín, ẹ kọ́ ọgbọ́n lára mi. Pàápàá jù lọ, ẹ̀yin tí wọ́n ń pè ní màmá, ní bàbá, ní ọ̀gá, tí wọ́n máa ń mú lọ síbi tí ọ̀rọ̀ bá ti le. Bí ẹni tí ẹ kọ́ bá rọra sọ fún yín pé ó pọ̀ díẹ̀, ẹ gbé ife náà kalẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Bí kò bá sì yé yín, ẹ tún un béèrè.